Ẹ Má Bọ́ Àmì Lára Orúkọ Fáìlì

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ohùn, fọ́tò àti ìwé Yorùbá sórí kọ̀ǹpútà gbà pé ó sàn kí wọ́n yọ gbogbo àmì kúrò lára orúkọ fáìlì. Àṣẹ kan ṣoṣo ni wọ́n máa tẹ̀, ẹgbẹ̀rún fáìlì á sì ti pààrọ̀ orúkọ kíá. Èmi ò fara mọ́ ọn. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ ká fi tún orúkọ náà ṣe kí àmì rẹ̀ lè dúró ṣinṣin. Ẹ wo fóldà tí wọ́n kó ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sí, tí ọkọ.wav, ọkọ́.wav àti ọkọ̀.wav wà nínú rẹ̀. Bí àmì bá kúrò, oko.wav ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ fóldà kan kò lè gba fáìlì méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Àṣẹ mv tí wọ́n fi ń pààrọ̀ orúkọ fáìlì lórí Linux kì í sábà béèrè kó tó fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀, àfi tí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bá fi -i kún un. Èyí tó bá bò mọ́lẹ̀ kì í sì í lọ síbi tí èèyàn ti lè lọ ṣà á padà. Ẹni tó ni ohùn náà sì lè ti kú.

Wọ́n ní ìdí tiwọn o. Wọ́n ní àwọn á wá fáìlì tó lámì lórúkọ, kò ní jáde, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ àmì kọ́ ló jẹ̀bi. Ọ̀nà méjì ni Unicode gbà kí wọ́n kọ ẹ: ó lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, U+1EB9, ó sì lè jẹ́ e lásán tí àmì ìsàlẹ̀, U+0323, tẹ̀ lé. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú Linux àti Windows, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ṣíṣe wọ́n dọ́gba ni oògùn rẹ̀. Tí wọ́n bá tẹ àṣẹ convmv -r -f utf8 -t utf8 --nfc . nínú fóldà náà, ohun tó fẹ́ ṣe ló máa kọ́kọ́ tò sílẹ̀ fún wọn láti yẹ̀ wò. Kò ní fọwọ́ kan orúkọ kankan títí wọ́n á fi fi --notest kún un. Àmì ohùn orí ẹ́ ṣì máa dá dúró, torí Unicode ò ní lẹ́tà ẹyọ kan fún un, ṣùgbọ́n ètò kan náà ni gbogbo orúkọ á máa tẹ̀ lé.

Àwọn mìíràn á ní àmì ń gba àyè. Báìtì 255 ni orúkọ fáìlì kò gbọdọ̀ kọjá lórí ext4, ètò ìtọ́jú fáìlì ti Linux, ẹ́ sì ń gba báìtì 5 níbi tí e ti ń gba 1. Síbẹ̀, irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ 50, pẹ̀lú .wav nídìí wọn, báìtì 254 ni. Ibi tí mo ti gbà fún wọn ni ti àwọn ètò àtijọ́ tí kì í gba àmì rárá. Kí wọ́n ṣe ẹ̀dà tí kò lámì fún irú wọn, àmọ́ cp ni kí wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe mv, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà sára orúkọ ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan kí méjì má baà forí gbárí.