Ẹ Má Fi Owó Ìfẹ̀yìntì Ra Ìlérí

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọmọ wa tó ní òun fẹ́ di awakọ̀ òfúrufú kò ṣẹ̀ wá. Àwa òbí ló yẹ kí a lajú.

Kí a tó san kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà tí ìjọba yàn fún iṣẹ́ náà yẹ ọmọ wò. Bí ara rẹ̀ kò bá yege lẹ́yìn tí a ti sanwó, owó gbé nìyẹn.

Ìlànà àgbáyé béèrè 200 wákàtí nínú ọkọ̀ kí ó tó lè gba ìwé àṣẹ láti fi í ṣiṣẹ́ jẹun; 150 ni, bí ìjọba bá fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ náà látòkèdélẹ̀. Nítorí náà, ẹ bi ilé ẹ̀kọ́: wákàtí mélòó ló wà nínú iye yìí? Ọkọ̀ mélòó ló ń fò lónìí? Ibi tí owó ti kéré tí ọkọ̀ sì dúró sílẹ̀, ọ̀pọ̀ tó di ọ̀wọ́n ni.

Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Zaria láti 1964. Ẹ kọ́kọ́ béèrè níbẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ ti aṣojú òkè òkun. Ìwé àṣẹ ọ̀hún ṣì ní ìdánwò àti owó mìíràn nílé.

Èrò tèmi ni pé kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa máa sanwó fún ilé ẹ̀kọ́ ní ìpín-ìpín, bí wákàtí bá ṣe ń pé. Ẹ jẹ́ kí a jíròrò rẹ̀ ní ìpàdé.