Kóbáltì Ilẹ̀ Kóńgò

Sí Olóòtú,

Àpilẹ̀kọ tí ẹ tẹ̀ jáde, pé kí àwọn tí ń ṣe bátìrì ọkọ̀ oníná ṣíwọ́ ríra kóbáltì ilẹ̀ Kóńgò nítorí ìyà tí ń jẹ àwọn awakùsà, gbàgbé pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ilẹ̀ tí ń pèsè ohun tí ó lé ní ìdá 70 nínú 100 kóbáltì àgbáyé, ẹni tí ó bá pa á tì, àwọn ọkùnrin ìlú Kolwezi níbẹ̀ tí ń wọ kòtò jíjìn tí kò ní òpó, àti àwọn obìnrin tí ń fọ òkúta létí odò, ni yóò fi ebi pa.

Òfin ìwakùsà Kóńgò ti ọdún 2018 ti pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ ìwakùsà ya ìdá 0.3 nínú 100 gbogbo owó ọjà rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìlú tí ó ti ń wa kùsà. Dípò kí ẹ ní kí wọ́n ṣíwọ́ ríra, ẹ bá wa bèèrè owó náà.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn