Ilé Gómìnà Tó Di Ilé Aṣọ

Ọmọ Yorùbá tó bá wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Àbíjàn, Port-Bouët ni yóò balẹ̀ sí. Àwọn ará Èjìgbò mọ ibẹ̀ bí ẹní mowó. Bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀, ọ̀nà ọjà ni ọ̀pọ̀ wọn ń kọjú sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba títì etíkun síhà ìlà-oòrùn yóò dé Grand-Bassam, níbi tí ilé kan wà tí ìtàn rẹ̀ kan gbogbo ẹni tó ní ilé baba.

Ní 1893, nígbà tí ìjọba Faransé yan gómìnà àkọ́kọ́ fún Côte d'Ivoire, Grand-Bassam ni wọ́n fi ṣe olú-ìlú. Wọ́n kọ́ ààfin síbẹ̀ fún gómìnà náà, Louis-Gustave Binger. Àmọ́ ẹ̀fọn kò mọ gómìnà. Ní 1899, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ bẹ́ sílẹ̀, ó pa Òyìnbó púpọ̀, wọ́n sì kó ìjọba lọ sí Bingerville. Àbíjàn gba ipò olú-ìlú ní 1934. Nígbà tí wọ́n la ọ̀nà omi Vridi ní Port-Bouët ní 1950, tí ọkọ̀ òkun ń gba ibẹ̀ wọ Àbíjàn, ọwọ́ òwò Bassam rọ pátápátá.

Bí àwọn ọmọ onílẹ̀ bá jẹ́ kí ilé amúnisìn náà wó, ta ni yóò bá wọn wí? Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì kó aṣọ ìbílẹ̀ àwọn ẹ̀yà ilẹ̀ wọn sínú rẹ̀ fún àfihàn. Níbi tí àjèjì ti ń pàṣẹ fún baba wọn, aṣọ baba wọn ló wà níbẹ̀ báyìí. Ní 2012, àjọ UNESCO ka ìlú àtijọ́ náà mọ́ ogún gbogbo ayé.

Ní Èkó ńkọ́? Ilojo Bar, ilé àwọn Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1855 sí gbàgede Tinúbú, ni ìjọba kéde ní 1956 pé ó jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016.

Yorùbá ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ló ń bu ẹwà náà. Kí ẹni tó ń kówó bọ̀ láti Port-Bouët láti wó ilé àgbà, kí ó lè kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kọ́kọ́ yà dé Bassam.