Aláìsàn Tí Kò Lè Gbèjà Ara Rẹ̀

Ẹni tí ó ní owó lápò, tí ó sì mọ ènìyàn ní ìlú, bí ó bá dé ilé ìwòsàn tí a fi ìyà jẹ ẹ́, yóò pariwo, ìlú yóò sì gbọ́. Kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa kàn lónìí. Ẹni tí ó wà lọ́kàn wa ni ọkùnrin tí ọkọ̀ gbá ní Pedro lóru, tí a gbé dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn láìmọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ tí ó jẹ́ pé igbe nìkan ni èdè rẹ̀. Ìyá arúgbó tí kò rántí orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́. Àti ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú. Àwọn wọ̀nyí kò lè bá dókítà jiyàn, wọn kò lè kọ ìwé ẹ̀sùn sí ìjọba, wọn kò sì lè dìde kí wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé ìwòsàn kan dára, bí wọ́n ti ń tọ́jú irú àwọn wọ̀nyí ni kí á lọ wò, kì í ṣe ọ̀dà tuntun tí a fi kun ògiri rẹ̀.

Àwọn ará Pedro, Bariga àti Ṣómólú kò jìnnà sí ibi ìtọ́jú. Ilé Ìwòsàn Ìjọba tí ó wà ní Gbàgádà sún mọ́ wọn, ilé ìwòsàn aládàáni sì pọ̀ káàkiri àdúgbò. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ilé ìwòsàn wà nítòsí, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n gba aláìsàn wọlé. Láti ọdún 2014 ni Òfin Ìlera Orílẹ̀-Èdè ti là á mọ́lẹ̀, ní abala 20, pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọdọ̀ kọ̀ láti ṣe ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kí ó fà á. Ẹni tí ó bá rú òfin náà yóò san N100,000, tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí kí ó jẹ ìyà méjèèjì. Ní ọdún 2017, òfin mìíràn tún jáde nítorí ẹni tí ìbọn bà: kí ilé ìwòsàn gbà á, kí ó sì tọ́jú rẹ̀, yálà ó mú ìwé ọlọ́pàá wá tàbí kò mú un wá, yálà ó san owó sílẹ̀ tàbí kò san án.

Síbẹ̀, “Ẹ lọ mú owó wá ná” ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí etí wa mọ̀ dáradára. Ìtanràn N100,000 yẹn kò ba olówó ilé ìwòsàn lẹ́rù mọ́ lóde òní, ó sì yẹ kí àwọn aṣòfin ní Abuja tún un gbé yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ohun tí ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé òfin wà rárá. Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni èyí wà. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá mọ abala 20 lórí lè sọ ọ́ jáde lẹ́nu géètì ní ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ bá ṣubú, tí àwọn àgbà sì ń wo ojú ara wọn.

Nígbà tí a bá ti gbà á wọlé tán, ewu kò tíì tán. Ní ilé ìwòsàn wa, ẹbí ni ó ń sá lọ ra oògùn, ẹbí ni ó ń wẹ aláìsàn, ẹbí ni ó ń jí nọ́ọ̀sì bí omi tí a fà sí i lára bá tán lóru. Kí ni ti ẹni tí kò ní ẹbí nítòsí? Àwọn nọ́ọ̀sì tí ó kù kò sì tó. Ní ọdún 2023, àwọn nọ́ọ̀sì tí a kọ́ níṣẹ́ ní Nàìjíríà tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ Bìrìtìkó ti lé ní 10,000. A kò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí ó ń ṣọ́ aláìsàn tí ó pọ̀ jù fún ènìyàn kan, tí owó oṣù rẹ̀ kò sì gbé e dé ìparí oṣù, yóò wá ọ̀nà lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń jẹ gbèsè náà.

Ọmọ Yorùbá kan ti fi hàn wá rí pé ẹbí kì í ṣe ẹrù tí a ń lé sẹ́yìn géètì. Ní ọdún 1954, ní Arò ní Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan fún àwọn aláìsàn ọpọlọ. Ó ní kí aláìsàn wá pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ kan ó kéré tán, kí wọ́n jọ gba ilé ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, kí aláìsàn máa gba ìtọ́jú, kí ó sì máa gbé láàárín ènìyàn. Ayé gbọ́ nípa iṣẹ́ yìí, Lámbò fúnra rẹ̀ sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ẹ fi èyí wé ilé ìtọ́jú Yaba nígbà tí a ṣí i ní ọdún 1907, tí ó jẹ́ ibi ìpamọ́ ju ibi ìwòsàn lọ. Ó dunni pé àpamọ́ náà kò tíì tán nílẹ̀ wa. Ní ọdún 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lórí ibi ìtọ́jú 28 tí wọ́n bẹ̀ wò ní ìpínlẹ̀ 8 àti ní Abuja. Wọ́n bá ènìyàn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ní ilé oníṣègùn ìbílẹ̀, ní ti onígbàgbọ́, ní ti mùsùlùmí, àní ní ti ìjọba pẹ̀lú. Oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari tó fọwọ́ sí Òfin Ìlera Ọpọlọ, tí ó gba ipò òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn òyìnbó amúnisìn. Òfin ti wà. Irin ṣì wà lẹ́sẹ̀ àwọn ènìyàn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ìṣẹ́ nìkan ni ó fa gbogbo rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lówó, síbẹ̀ ní ilé ìwòsàn Stafford, láàárín ọdún 2005 sí 2009, a fi àwọn arúgbó sílẹ̀ nínú ìdọ̀tí ara wọn láìfún wọn lómi, nítorí pé àwọn alákòóso ń wá bí ìwé ìṣirò owó yóò ṣe dára, wọ́n sì dín nọ́ọ̀sì kù. Àwọn ẹbí òkú ni kò dákẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, agbẹjọ́rò àgbà Robert Francis gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde pẹ̀lú ìmọ̀ràn 290. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin fi dé e lórí àwọn ilé ìwòsàn ibẹ̀ pé, bí àṣìṣe bá ṣe aláìsàn léṣe, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún un tàbí fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Níhìn-ín, “Àmúwá Ọlọ́run ni” ni a fi ń dí ẹnu irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. A bẹ̀rù Ọlọ́run, ṣùgbọ́n a kò gbà pé Òun ni ó gbàgbé láti fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ aago méjì òru.

Nípa ti ìyá ọlọ́mọ tí a há mọ́ wọ́ọ̀dù nítorí pé kò rí owó ìtọ́jú san, ilé ìwòsàn kì í ṣe ẹ̀wọ̀n, ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 kò sì fún ẹni tí a jẹ lówó láṣẹ láti ti ènìyàn mọ́lé. Òtítọ́ ni pé ilé ìwòsàn tí kò gba owó kò lè ra oògùn. Ìdí nìyí tí ètò Ìlera Èkó fi ṣe pàtàkì, tí gómìnà sì pàṣẹ ní ọdún 2024 pé kí gbogbo ará Èkó wọ inú ètò adójútòfò ìlera. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú rántí pé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ọjọ́un tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ́fẹ̀ẹ́; a kò rí ìdí tí ìjọba ìpínlẹ̀ kò fi lè san owó adójútòfò fún aláìní, arúgbó àti aláìsàn ọpọlọ ní Ìlàjẹ Bariga àti ní Pedro.

Nígbà tí àwọn olùdíje bá tún dé Ládi-Lák pẹ̀lú ìrẹsì àti ańkárá, ẹ gbà á bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan: nọ́ọ̀sì mélòó ni ó ń ṣọ́ wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di òwúrọ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba tí ó sún mọ́ wa? Kí wọ́n sì ṣe é ní àṣẹ pé kí a kọ iye náà sára ògiri lójoojúmọ́, níbi tí gbogbo ẹni tí ó bá wọlé yóò ti rí i.