Ańpílífáyà Bàbá Yín Kò Tíì Kú!

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbà mí láyè kí n sọ ohun tó ń dùn mí. Ní Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá wa níbí, àti káàkiri Satellite Town, Festac títí dé Amúwo, irọ́ kan ti gbilẹ̀, a sì ń fi owó àti ogún baba wa bọ́ ọ. Irọ́ náà ni pé bí ènìyàn bá ra tọ́ntébù tuntun, tó so ó mọ́ ańpílífáyà tó ti wà nílé láti ọjọ́ pípẹ́, tí orin kò bá dún dáadáa, a jẹ́ pé ańpílífáyà náà ti kú nìyẹn. Kí onílé yáa lọ ra òmíràn. Mo ní irọ́ ni! Ẹni tó so wáyà ni kò mọṣẹ́.

Aládùúgbò mi kan, àgbà ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ni wọ́n ṣe báyìí fún. Ọmọ rẹ̀ ra tọ́ntébù fún un. Onírédíò tí wọ́n pè ki wáyà bọ ihò AUX, ó gbé àwo Haruna Ishola lé e. Ohùn tó jáde tín-ín-rín bí ohùn ẹ̀fọn, agídìgbo kò tilẹ̀ dún sétí rárá. Onírédíò mi orí, ó ní, "Bàbá, ẹ̀rọ yín ti lọ o. Ti ayé àtijọ́ ni." Ó ju owó táṣẹ́rẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀, ó gbé e lọ, ó sì ta tuntun fún wọn. Tuntun ọ̀hún kò ní ihò PHONO rárá! Wọ́n gba ẹṣin lọ́wọ́ bàbá, wọ́n fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lé e lọ́wọ́, wọ́n sì tún gbowó lé e.

Ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Iná tí abẹ́rẹ́ tọ́ntébù tó wọ́pọ̀ jù ń mú jáde kéré púpọ̀: bí a bá pín volt kan sí ọ̀nà 1,000, bíi 5 péré ni tirẹ̀. Ẹ̀rọ CD lè mú volt 2 jáde, ìyẹn ìlọ́po 400. Èyí nìkan kọ́. Àwọn tó ń ṣe àwo máa ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù kí ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́ má baà fẹ̀ jù, wọ́n á sì gbé ohùn òkè ga kí ariwo ṣíṣì lè rọlẹ̀. Ní 1954, ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ àwo ní Amẹ́ríkà, RIAA, fìdí òṣùwọ̀n kan múlẹ̀ fún un, òun náà ló sì padà di ti gbogbo ayé. Ẹ̀rọ tí yóò gbé orin náà gbọ́dọ̀ dá ohùn méjèèjì padà sí ipò wọn, kó sì fi agbára kún un. Ẹ̀yìn ihò PHONO ni iṣẹ́ yìí ti ń wáyé. Ihò AUX kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tó bá ki tọ́ntébù lásán bọ AUX dà bí ẹni tó se ọbẹ̀ láìfi iyọ̀ àti epo sí i, tó wá ń pariwo pé ìkòkò ló bàjẹ́.

Ẹ wá wò ó. Ní 1975 tí owó Udoji bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ọ̀pọ̀ ló fi ra stẹ́rìò. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, láti January 15 sí February 12, 1977, ni wọ́n ṣe FESTAC tí ìlú ẹ̀gbẹ́ wa fi ń jẹ́ orúkọ. Àwo ni ọba orin láyé ìgbà náà, nítorí náà ihò PHONO wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ańpílífáyà. Ìgbà tí CD gbòde ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ yọ ọ́ kúrò. Ṣé ẹ rí i báyìí pé ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní òkú gan-an ló mọ èdè tọ́ntébù?

N kò sọ pé ẹ̀rọ kì í bàjẹ́ o. Ṣùgbọ́n ẹ dán an wò kí ẹ tó sin ín. Ẹ so fóònù tàbí CD mọ́ ihò AUX. Bí orin bá dún ketekete, ańpílífáyà yín ń bẹ láàyè. Bí kò bá ní PHONO, tàbí tí PHONO rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní phono preamp. Àárín tọ́ntébù àti AUX ni wọ́n ń so ó sí. Ọ̀pọ̀ tọ́ntébù tuntun tilẹ̀ ní tirẹ̀ nínú, pẹ̀lú súwíìṣì kékeré lẹ́yìn. Bí súwíìṣì bá wà ní LINE, AUX ni kí ẹ so ó mọ́. Bó bá wà ní PHONO, ihò PHONO ni. Bí ẹ bá fi LINE bọ PHONO, ohùn yóò máa ya bí aṣọ gbígbó. Bí ó bá sì ń kùn hùùù, ẹ wo wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó dá dúró, ẹ dè é mọ́ síkúrù tí wọ́n kọ GND sí. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kíkùn náà á dákẹ́.

Ti iná ńkọ́? Iná tí a ṣì ń pè ní NEPA, bí NEPA fúnra rẹ̀ tilẹ̀ ti kógbá wọlé láti 2005, ìgbà 50 ló ń lù ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Amẹ́ríkà ń lu 60. Àwọn tọ́ntébù tọ́kùnbọ̀ kan wà tó jẹ́ pé bí iná bá ṣe ń lù ni wọ́n ṣe ń yí. Tíráńsífọ́mà lè sọ volt di 110 fún wọn, kò lè yí lílù yẹn padà. Àwo tó yẹ kó yí ní ìgbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan kò ní yí tó 28, olórin á wá máa kọrin bí ẹni tí oorun ń kùn. Wọ́n á tún ní ańpílífáyà ni!

Àwa ará Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá tún ní tiwa lọ́tọ̀. Tánkà tó ń lọ gbé epo ní àwọn ibi ìkópamọ́ epo àdúgbò wa ń mi ilẹ̀ tìtì. Abẹ́rẹ́ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ gbé tọ́ntébù sórí pẹpẹ tó dúró gbọin, kí ẹ má gbé e lé orí sípíkà láé. Kí ẹ má sì gbé kọ́bọ̀ lé orí abẹ́rẹ́ nítorí pé ó ń fò; ńṣe ni ẹ ń fi ọkọ́ ro àwo yẹn.

Ẹnìkan lè ní, "Kí ni wàhálà yìí fún? Ṣebí gbogbo orin ló wà lórí fóònù." Ta ló ní gbogbo rẹ̀? Ní 1969, Haruna Ishola àti I. K. Dairo dá iléeṣẹ́ àwo Star sílẹ̀, kí ọmọ Yorùbá lè ní iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Nínú jùjú ayé ìgbà náà, odindi ojú àwo kan lè jẹ́ orin kan tí kò já. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ti dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó sì débẹ̀, ẹlòmíràn ló ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tó bá wù ú ni yóò yọ ọ́ kúrò. Ilé tí ańpílífáyà bá ti jáde, àwo ló ń tẹ̀ lé e. Àwọn òyìnbó tó ń wá àwo wa rà mọ ohun tí wọ́n ń wá.

Nítorí náà, bí onírédíò bá dé, tó ní ẹ̀rọ yín ti kú, ẹ bi í pé: ihò wo lo so ó mọ́? Súwíìṣì ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́? Wáyà GND dà? Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ fún un lómi mu, kí ẹ sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ańpílífáyà bàbá yín, ẹ nu eruku ara rẹ̀ nù, ẹ gbé e padà sáyè rẹ̀.