Gbá a wálẹ̀ ni àbí gbé e sókè? Ìdí tí ẹnu àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá baseball kò fi kò

Ní oṣù Kẹta ọdún 2014, ikọ̀ Houston Astros ní Amẹ́ríkà já agbábọ́ọ̀lù kan tó ń jẹ́ J.D. Martinez sílẹ̀. Ọmọ ọdún 26 ni nígbà náà. Ohun tí ikọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí ni pé ó ti lo àsìkò ìsinmi láti tún bó ṣe ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kọ́ láti ìpìlẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ tó dá dúró, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ Astros. Detroit Tigers gbà á, ó sì gbá home run 23 lọ́dún náà, ìyẹn ni pé ìgbà mẹ́tàlélógún ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ fò kọjá ògiri pápá. Nígbà tó di ọdún 2018, Boston Red Sox bá a ṣe àdéhùn ọlọ́dún márùn-ún tó tó mílíọ̀nù 110 dọ́là.

Ìtàn Martinez ni àwọn tó ń polongo ìlànà tuntun máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Àmọ́ awuyewuye ọ̀hún ti wà tipẹ́tipẹ́: ṣé kí igi máa sọ̀ kalẹ̀ bá bọ́ọ̀lù ni, àbí kó máa gòkè lọ pàdé rẹ̀?

Orí òkìtì kékeré ni ajubọ́ọ̀lù máa ń dúró sí, nǹkan bíi mítà 18 sí ẹni tó di igi mú. Bọ́ọ̀lù tó ń sáré ní 150 kìlómítà ní wákàtí kan kì í lò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá àtijọ́ kò fẹ́ kí ọmọdé ro àròjù. "Gbá a wálẹ̀" ni ọ̀rọ̀ wọn. Bọ́ọ̀lù tó bá ń yí nílẹ̀, ẹnìkan ní láti bẹ̀rẹ̀ gbé e, kó sì jù ú, ó sì lè ṣìṣe.

Ted Williams ta ko èrò yìí. Lọ́dún 1941, ó ṣe àṣeyọrí ní ìdá 40.6 nínú ọgọ́rùn-ún, láti ìgbà náà, kò tíì sí ẹni tó dé ìdá 40 nínú líìgì American League tó ti gbá bọ́ọ̀lù. Nínú ìwé rẹ̀, The Science of Hitting, ó ṣàlàyé pé láti òkè ni bọ́ọ̀lù ti ń bọ̀, ó sì ń lọ sílẹ̀. Igi tó bá gòkè díẹ̀ yóò wà lójú ọ̀nà bọ́ọ̀lù pẹ́, débi pé bí ẹni náà bá yára jù tàbí pẹ́ díẹ̀, igi ṣì lè bá a. Ní tirẹ̀, ìbàdí tó ń yí ni agbára ti ń wá.

Charley Lau kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ló mú ní pàtàkì: kí ìwúwo ara kúrò lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn bọ́ sí ti iwájú, kí orí dúró jẹ́ẹ́. Lau fúnra rẹ̀ kò ju ìdá 25.5 lọ nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, àmọ́ George Brett tó kọ́ ní Kansas City gbá ìdá 39 lọ́dún 1980. Ẹ má ṣe rò pé ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá nìkan ló mọ̀ ọ́n kọ́.

Kámẹ́rà ló wá da ọ̀rọ̀ rú. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá nídìí iṣẹ́ yìí máa ń sọ pé ńṣe ni àwọn ń gbá bọ́ọ̀lù wálẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi fídíò wọn hàn díẹ̀díẹ̀, igi wọn ń gòkè nígbà tó bá pàdé bọ́ọ̀lù. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Ohun tí ara wọn ń sọ fún wọn ni wọ́n ń sọ. Sadaharu Oh, tó gbá home run 868 ní Japan, fi idà àwọn jagunjagun àtijọ́ gé bébà tí wọ́n so rọ̀ nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Hiroshi Arakawa. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé "gbá a wálẹ̀" lè tún ọmọ tí igi rẹ̀ máa ń rọ̀ sílẹ̀ jù ṣe, kó sì ba ti ọmọ tó ti ń gé e bí ẹni ń la igi jẹ́. "Gbé e sókè" náà kò yàtọ̀.

Láti ọdún 2015 ni ẹ̀rọ Statcast ti wà ní gbogbo pápá líìgì ńlá, tó ń wọn bí bọ́ọ̀lù ṣe yára tó àti igun tó fi gbéra kúrò lára igi. Ọ̀pọ̀ ikọ̀ rí i pé bọ́ọ̀lù tó gbéra sókè ló ń mú ayò púpọ̀ wá, wọ́n sì ń kọ́ gbogbo ènìyàn bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2019, home run 6,776 ni wọ́n gbá, iye tí kò wáyé rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ọdún náà gan-an fúyẹ́ nínú afẹ́fẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ àwọn ajubọ́ọ̀lù kò káwọ́ gbera. Wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù tó yára gan-an sókè lágbègbè àyà, níbi tí igi tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ kì í tètè dé. Nígbà tó fi máa di 2018, iye àwọn tí wọ́n lé kúrò láìrí bọ́ọ̀lù gbá ti ju iye àwọn tó gbá a dáadáa lọ, fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn líìgì náà.

Lọ́dún 2024, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé bí igi oníkálukú ṣe yára tó jáde fún aráyé. Giancarlo Stanton ló wà lókè téńté. Luis Arraez, tí igi rẹ̀ lọ́ra jù nínú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù déédéé, ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Lọ́dún yẹn kan náà, home run mẹ́rin péré ni Arraez gbá, ṣùgbọ́n òun ló gba ipò kìíní nínú gbígbá bọ́ọ̀lù ní National League, ọdún kẹta tó ń gba irú ipò bẹ́ẹ̀ léraléra, pẹ̀lú ikọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀dọ́ tí igi rẹ̀ lọ́ra bí ti Arraez kò ní í tètè rí ikọ̀ gbà á lónìí, nítorí bí igi ṣe yára tó wà lára ohun tí àwọn tó ń ṣa agbábọ́ọ̀lù máa ń wò.