Kí Ló Dé Tí A Kò Yọ Ti Hélène?

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tí wọ́n ń kọ́ èdè C ṣe ètò kékeré kan tí yóò máa kọ orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì sínú fáìlì. Hélène jáde pérépéré. Adébáyọ̀ di Adébáy. Adéṣọlá di Adé. Ní ti Ọlábísí, òfìfo ni ẹ̀rọ fi sí àyè rẹ̀. Mo wò ó fìrí, mo sì sọ ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti sọ rí: “Ẹ yọ àmì orúkọ wọ̀nyẹn kúrò, ẹ̀rọ yóò gbà á.” Ọmọbìnrin kan nínú wọn dáhùn jẹ́jẹ́ pé: “Olùkọ́, ẹ má bínú o. Kí ló dé tí a kò yọ ti Hélène?”

Èmi kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Èsì náà nìyí.

Ọ̀nà méjì ni èdè C fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀. Ọ̀nà kìíní ni ti lẹ́tà fífẹ̀, tí a ń pè ní wchar_t: àmì kọ̀ọ̀kan ní àpótí tirẹ̀, gbogbo àpótí sì dọ́gba. Lórí Linux, báìtì mẹ́rin ni àpótí kan. Báìtì yìí ni ìwé Faransé ń pè ní octet. Ọ̀nà kejì ni ti báìtì tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn: níbẹ̀, àmì kan lè gba báìtì kan, òmíràn lè gba méjì tàbí mẹ́ta. Irú èyí ni fáìlì sábà máa ń gbà. wcstombs ni ó ń kó ọ̀rọ̀ láti inú àpótí dídọ́gba lọ sínú báìtì títò.

Ṣùgbọ́n wcstombs kì í dá ìpinnu ṣe. Ìlànà lẹ́tà tí ètò bá yàn ni ó ń tẹ̀lé. ISO-8859-1, ìlànà àtijọ́ kan, ni àwọn ọmọ mi yàn, nítorí pé inú ìwé Faransé kan ni wọ́n ti rí i. Àyè 256 péré ni ó wà nínú rẹ̀. « é » wà níbẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ ni 233. « ẹ », « ọ » àti « ṣ » kò sí níbẹ̀ rárá. Bí wcstombs bá kan àmì tí kò ní àyè, yóò dúró, yóò sì dá (size_t)-1 padà, láti sọ pé ọ̀nà dí. Ẹ̀rọ ké, àwa ni a kò gbọ́, nítorí pé a kò yẹ èsì rẹ̀ wò.

UTF-8, tí Ken Thompson àti Rob Pike ṣe ní ọdún 1992, ní àyè fún gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ó ní ìṣirò tirẹ̀. Ẹ wo « ẹ̀kọ́ »: lẹ́tà mẹ́ta ni ojú wa rí. Àpótí fífẹ̀ márùn-ún ni ó gbà, nítorí pé àmì ohùn orí ẹ àti ti orí ọ dá dúró. Ní UTF-8, báìtì 11 ni: ẹ gba mẹ́ta, ọ gba mẹ́ta, àmì ohùn kọ̀ọ̀kan gba méjì, k gba ẹyọ kan. Bí a bá sì kọ ọ́ ní álífábẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Benin, « ɛ̀kɔ́ », báìtì 9 ni, torí pé ɛ àti ɔ gba méjì-méjì. Ẹni tí ó bá ka lẹ́tà mẹ́ta, tí ó sì wá àyè báìtì mẹ́ta, ẹ lẹ́yọ kan ni yóò bá a délé.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wọn ọ̀rọ̀ kí ẹ tó kó o:

setlocale(LC_ALL, "");
size_t n = wcstombs(NULL, oruko, 0);
if (n == (size_t)-1) return 1;
char *aye = malloc(n + 1);
if (aye == NULL) return 1;
wcstombs(aye, oruko, n + 1);

Ìlà kìíní mú ìlànà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń lò. Ẹ rí i dájú pé UTF-8 ni. Ìkejì wọn ọ̀rọ̀ láì tíì kó o. Ìkẹta yẹ èsì wò. Ọ̀kan tí a fi kún n, ti òdo tí ó ń pa ọ̀rọ̀ dé ni.

A tún ètò náà ṣe. Ọlábísí jáde, tòun ti àmì abẹ́ àti àmì ohùn rẹ̀. Mo dúró níwájú kíláàsì, mo sì kó ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́ jẹ. A kò yọ ti Hélène nítorí pé ẹnìkan ti wá àyè fún un tipẹ́. Àyè ti wà fún tiwa náà báyìí. Ẹni tí ó ń kọ ètò ni kò gbọdọ̀ gbàgbé láti béèrè fún un.